Ọ̀tá Tí Ẹ̀ṣẹ́ Kò Lè Bà

Alápatà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ààké. Kì í ṣe nítorí ẹran tó ń gé nìkan. Bí oníbàárà bá ná ẹran rẹ̀ ní ìnákúnàá, ẹ̀ṣẹ́ ni yóò fi dá a lóhùn. Bí oúnjẹ bá pẹ́ kó tó délẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni yóò fi ojú wíwú ṣàlàyé fáwọn aládùúgbò pé ilẹ̀kùn ló gbá òun.

Orí àpáta ni ilé tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé wà. Yàrá tí tọkọtaya náà ń sùn wọnú ilẹ̀ dé ìdajì, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti sán káàkiri. Ibẹ̀ tutù, Ààké sì fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìlera kan kanlẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní rádọ́ọ̀nù. Inú àpáta ló ti ń jáde, ojú kì í rí i, imú kì í gbóòórùn rẹ̀. Ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán ló ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì ń fà á símú fún ọdún pípẹ́ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó tọrọ àyè láti fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ yàrá náà wò.

"Ta ló rán ọ pé kí o wá lé mi kúrò nílé mi?"

Ààké kò dúró gbèsì. Ó já ẹ̀rọ náà gbà, ó là á mọ́ ògiri, ó sì da ẹ̀ṣẹ́ bo ọkùnrin náà lẹ́nu títí eyín iwájú rẹ̀ fi bọ́. Ìyàwó rẹ̀ sáré wá làjà. Ààké tì í, orí obìnrin náà gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú.

Ọdún gorí ọdún. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì di pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ náà jáde. Ààké ní aládùúgbò òun kan ló fún un ní májèlé. Ó wọ́ ọkùnrin náà jáde lọ́sàn-án gangan, ó sì lù ú títí apá rẹ̀ fi kán.

Ní ọsibítù, dókítà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Obìnrin yìí kò fẹnu kan sìgá rí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Dókítà béèrè ibi tí wọ́n ń sùn. Nígbà tó gbọ́, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rádọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ló fà á.

Ààké na ọwọ́ láti tún ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Kíá ni obìnrin náà fi apá méjèèjì bojú. Ó rò pé ọkọ òun fẹ́ gbá òun ni.

Ààké jáde. Ó délé, ó gbé òòlù ńlá, ó sì kọjú ìjà sí ilẹ̀ yàrá náà. Ó ń bú, ó ń fọ́ ọ, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò sẹ́ni tí yóò lù. Nígbà tó gbójú sókè, ọkùnrin tí kò ní eyín iwájú ló rí lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́. Ààké gbé òòlù sókè. Ọkùnrin náà kò sá. Ó ní òun gbọ́ nípa àìsàn ìyàwó Ààké, òun sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ṣì ń gbé nínú ilé náà.

"Mo fọ́ ọ lẹ́nu. Kí lo tún padà wá ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n lu Ọ̀gá mi ju báyìí lọ. Wọ́n kàn án mọ́gi. Síbẹ̀, àwọn tó lù ú gan-an ló ń wá kiri. Jésù ni. Ẹ̀yin náà ló ń wá."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Ààké. Ó ṣubú sínú àwókù náà, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Jésù, mo ti ba ilé mi jẹ́. Gba ọwọ́ yìí lọ́wọ́ mi."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó àwọn ọmọ lọ sílé àbúrò ìyàwó rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wá dí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ri páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ náà gba orí òrùlé jáde. Ààké lọ kúnlẹ̀ níwájú aládùúgbò tó ṣẹ́ lápá.

Ìyàwó rẹ̀ kò bọ́ nínú àìsàn náà. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, bí ọkọ rẹ̀ ti ń fi omi nù ún lójú, kò fapá bojú mọ́. Ó di ọwọ́ náà mú.

"Bàbá wọn, ọwọ́ rẹ ti rọ̀."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bí wọ́n bá wá yẹ ilé rẹ wò, ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àmọ́ ta lo fẹ́ kó yẹ ọkàn rẹ wò? Ààké rí àánú gbà, ṣùgbọ́n àwọn ọdún tó fi lé àánú náà sẹ́yìn kò padà mọ́, obìnrin rere kan sì ti wọlẹ̀. Má ṣe fi tìrẹ ṣòfò. Níbi tí o wà yìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì pe Jésù. Ẹni tí o ti ń lé látọjọ́ yìí kò tíì lọ.