Ohun Tí Nanauq Fi Àjẹ̀ Gbọ́

Etí mi ló gbọ́ ọ, ẹnìkan kọ́ ló sọ fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá. Àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ugruk ni àwa ọdẹ òkun ilẹ̀ yìnyín fi ń la ìgbà òtútù já, ẹran omi onírùngbọ̀n tó ń jẹun nísàlẹ̀ ibú. A ó ki àjẹ̀ bọ omi, a ó fi èèkù rẹ̀ ti egungun àgbọ̀n, a ó sì gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ lábẹ́ omi. Nígbà tí ọkọ̀ elépo dé tó ń lu ihò sísàlẹ̀ òkun, orin pa rọ́rọ́. Gírí-gírí nìkan là ń gbọ́. Ọ̀kan ṣoṣo la rí pa lọ́dún yẹn. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tí ẹ̀rọ wọn ń tú jáde ló kún ikùn rẹ̀. Mo bú wọn títí ohùn mi fi há.

Kí yìnyín tó dé, ọkọ̀ náà lọ. Èmi àti Nanauq, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tukọ̀ jáde lọ́sàn-án. Ó ki àjẹ̀ bọ omi. Ó fi èèkù rẹ̀ ti àgbọ̀n.

"Wọn ò tíì lọ."

"Bàbá, ọkọ̀ wo lẹ rí?"

"Ukpik, ojú ni mo fi ń gbọ́ràn ni? Gbà."

Mo gbà á. Gírí-gírí. Ìró náà sinmi. Mo gbọ́ èémí ohun kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ kọ́ ló kọjú sí," Nanauq ní. "Òkè ló ń gbẹ́ bọ̀."

Gbogbo ìgbà tí a bá jáde, ìró náà ti sún mọ́ èbúté sí i. A ké sí iléeṣẹ́ elépo. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Họ́lìsì wá bá wa ní gbọ̀ngàn ìlú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti dí ihò yẹn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."

"Èèyàn rẹ bàwo?" Nanauq ní. "Ibí ni wọ́n bí ọ sí?"

Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi. Mo gbé àjẹ̀ fún ọkùnrin náà.

"Ó yá, gbọ́ ọ."

"Omi dà?"

"Gbé e lé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti tó."

Ó fi àgbọ̀n tì í, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ. Ó wo pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Tíì rẹ̀ ò tíì tutù tí bàálù fi gbé e lọ.

Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ta ló da eyí? Àwa kọ́! Àwọn tó dà á ti wọ bàálù lọ. Ìyá mi sì ti gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò láàárín ilé, níbi tí gírí-gírí náà ti ń dún jù.

Lánàá, ìró náà dákẹ́. Mo sáré lọ sọ fún Nanauq.

"Má tíì yọ̀," ó ní. "Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn náà ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn, tó bá ti kan ohun tó ń wá."