Ihò Òjò Nínú Ìyẹ̀fun

Ẹ lè pè é ní àlá bí ó bá wù yín. Mo ti rí àwo ìyẹ̀fun náà, mo fọwọ́ ara mi kàn án, òótọ́ ni.

Obìnrin kan wà tó ń wọn òjò. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Òjò. Rédà, ẹ̀rọ tó ń rí òjò láti òkèèrè, ń fi òjò ojú ọ̀run hàn án. Ẹ̀rọ orí òrùlé ń ka ẹ̀kán òjò, ó ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ẹ̀kán ńlá ló ń fi agbára lu ilẹ̀ títí òkè fi ń ya lulẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè, òun àti ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. Wọ́n á gbé àwo ìyẹ̀fun sínú òjò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á ti di kókó. Kókó yẹn ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò, bóyá kò purọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú ganrínganrín. Rédà mọ́ foo. Ẹ̀rọ òrùlé ka òdo. Ìyá Òjò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí àwo ìyẹ̀fun wà, ó fẹ́ mú bírò.

Tó.

Abẹ́ ìdérí àwo ìyẹ̀fun ni ìró náà ti wá. Ó dẹtí sí i. Tó. Tó-tó-tó.

Ó ṣí i. Ihò ti kún ojú ìyẹ̀fun, òmíràn sì tún ń yọ níṣojú rẹ̀. Omi ò jò láti ibì kankan. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa kókó kan jáde, ó tóbi tó ẹ̀wà. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ní kí àbúrò rẹ̀ sá jáde nílé lọ́dún yẹn, tí òkè ò sì ya. Síbẹ̀, ó pè é lórí fóònù.

"Gbé ọmọ, kó o jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjò tún ni? Nínú oòrùn yìí? Aṣọ ni mò ń sá lọ́wọ́ o!"

"Mo bẹ̀ ọ́. Má wulẹ̀ wọ bàtà."

Àbúrò ju aṣọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bẹ òun. Ó gbé ọmọ, ó sáré.

Kò tíì dé títì tí òkè fi ya lu ilé náà. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrẹ̀ kúrò, ó rin gbindingbindin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò kan ò kán lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí Ìyá Òjò ṣàlàyé. Ó gbé àwo síwájú wọn.

Àbúrò kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí òkè ò sí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Inú wọn dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ojú ọ̀run mọ́. Àbúrò fẹ́ po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ wọ́n omi sínú ìyẹ̀fun mi? Ihò ti kún ojú rẹ̀."

Ife tí Ìyá Òjò mú dání bọ́ sílẹ̀.

"Ọmọ dà?"