Ihò Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Léwu

Kíákíá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí omi fi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ló bo àwòrán ihò kẹrin látòkè délẹ̀, ìyẹn ni pé kò séwu níbẹ̀. Inú ihò yìí, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ni bàbá rẹ̀ ti ń wa kùsà. Bàbá náà sì ti sọ láàárọ̀ pé, "Àpáta ibẹ̀ ń dún bí ìgbà tí ajá ń fọ́ egungun. Ara mi ò gbà á."

Ta ni ká wá gbà gbọ́, ẹni tó wà nínú ihò ni àbí ẹ̀rọ?

Ọmọ iléèwé girama ni Kíákíá, ó ń fi àkókò ìsinmi kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn awakùsà. Wọ́n ti ri ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn bí etí mọ́ inú àpáta. Ìró tí ẹ̀rọ náà bá gbọ́ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ibi tí ilẹ̀ ti lè mì. Ọ̀gá Ìṣirò ló ń bójú tó o, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí í ti ilẹ̀kùn kó tó gbé tẹlifóònù. Ó pẹ́ tí ilẹ̀kùn títì yẹn ti ń kọ Kíákíá lóminú. Lánàá ló gbọ́ tó ń sọ fún máníjà pé, "Kọ̀ǹpútà ti fọwọ́ sí i, ẹ máa kó wọn wọlé." Àṣé wọ́n ti jọ mọ̀ ọ́n! Wúrà ni wọ́n ń wá, bí bàbá olóbàbá bá kú síbẹ̀, kí ló kàn wọ́n?

Páńsá ò fura, páńsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Òun ò ní dúró kí àjà jìn lé bàbá òun lórí. Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ ṣe sí ihò kẹrin? Bàbá mi ní ó ń dún. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà yín ò gbọ́?"

Ọ̀gá ò bínú. Ó yẹ ìró ọ̀sẹ̀ náà wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Lẹ́yìn tí wọ́n bá yin dánámáìtì tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta nírọ̀lẹ́, mi ò rí ìró kankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni àpáta máa ń ké jù. Ta ló ya ìró dánámáìtì kúrò lára ti àpáta?"

Kíákíá mọ̀ ọ́n. Òun ni. Wọ́n ní kó máa yẹ àwọn ìró náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yọ ti dánámáìtì nìkan kúrò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ló ní, "Ta ló fẹ́ jókòó ti ìyẹn? Pa gbogbo ti ìrọ̀lẹ́ rẹ́, ká lọ wo bọ́ọ̀lù." Ó sì pa á rẹ́. Ó lè ní ọ̀rẹ́ òun ni. Ó lè ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ báyìí.

"Èmi ni, sà. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Ọ̀gá fa tẹlifóònù yọ. "Ẹ kó gbogbo ará ihò kẹrin jáde. Ẹ má tíì bi mí léèrè." Ó dá àwọn ìró náà padà látinú ẹ̀dà tó wà nípamọ́, kọ̀ǹpútà tún un ṣírò, ihò kẹrin sì pọ́n bí ata.

Bàbá Kíákíá ò tíì bọ́ àṣíborí rẹ̀ tán lókè nígbà tí ilẹ̀ mì, tí àpáta ya bo ihò náà. Kò sẹ́ni tó kú.

"Ta ló ní kí wọ́n kó wa jáde?" bàbá bèèrè. "Kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọ̀gá Ìṣirò ni, bàbá mi. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sin yín síbẹ̀." Ó ń sunkún bó ṣe ń rò ó fún un.

Wọ́n lé Kíákíá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bàbá ò sì bá a bẹ ẹnikẹ́ni. "Ó tọ́ sí ọ," ló wí. "Ìfura dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ tìrẹ ni kó o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo dúpẹ́ pé ìgbà tí mo ṣì wà láyé lo jẹ́wọ́, kì í ṣe níbi òkú mi."