Òkúta Ojú Ọ̀run àti Oko Kòkó Bàbá Oyèlárán

Bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá Oyèlárán a gbé rédíò rẹ̀ lé orí àga ìyàwó rẹ̀. Dorcas ti kú. Nígbà tó wà láyé, kì í jẹ́ kí bàbá gbọ́ ìròyìn dénú: a já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ akéde lẹ́nu, a sì sáré lọ bi àwọn ará ilé kejì bóyá òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1998 tí mò ń sọ yìí, bàbá nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn ní Ìlàrè. Ìmísí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánò lọ́dọ̀ ọkọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan tí bàbá kò tíì fojú rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akéde ní àwọn onímọ̀ rí òkúta kan tó ń rìn lójú ọ̀run, pé ní ọdún 2028 yóò sún mọ́ ayé gan-an, ó sì ṣeé ṣe kó kọlù ú. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bátìrì ti kú.

Bàbá ṣírò ọjọ́ orí ọmọ Ìmísí. Ní 2028, yóò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Oko kòkó tí òun àti Dorcas gbìn sí ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, ọmọ yìí ló fẹ́ fi í sílẹ̀ fún. Kò sì rí ẹni tí yóò bá sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ọmọlúwàbí ni bàbá wa, kò sí iyèméjì. Ó gbé àbọ̀ ìròyìn sùn, ó sì di odindi nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ló wí fún un pé torí rédíò ni wọ́n ṣe pa òwe yẹn?

Kò ra bátìrì mìíràn. Kí ló tún fẹ́ gbọ́? Ó dá a rò fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó wá lọ bá Kọ́lápọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì gégi.

"Bá mi gé oko náà lulẹ̀."

"Kòkó tó ń so lọ́wọ́, Bàbá?"

"Gé e. Ẹni tí mò ń tọ́jú rẹ̀ fún kò níí jẹ ẹ́."

Ta ni yóò bá àgbà jiyàn lórí ohun ìní rẹ̀? Kọ́lápọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá di igi ìdáná wá fún Rasheedat, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ń gbé ilé kejì. Rasheedat rí ewé tútù lára igi náà.

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Àmọ́ igi kòkó nìyí. Ṣé ìjì jà lóko ni?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ló dé?"

Omi lé ròrò sójú bàbá. "Òkúta kan ń bọ̀ látòkè, Rasheedat. Yóò pa ọmọ Ìmísí."

Rasheedat fa àga fún un. "Èyí tí rédíò sọ lọ́jọ́sí? Ṣé ẹ ò gbọ́ ìròyìn ọjọ́ kejì ni?"

"Ìròyìn ọjọ́ kejì wo?"

"Òkúta náà wà lóòótọ́. Bí ayé wa ṣe ń yí oòrùn po, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń yí i po, ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí takisí kan bá ti Sábó bọ̀, tó kọjá ní oríta Lágere láàárọ̀, tí òmíràn wá gba ọ̀nà mìíràn dé oríta náà nírọ̀lẹ́, ṣé wọ́n á kọlu ara wọn?"

"Wọn ò lè pàdé."

"Ẹ ṣeun. Àwọn onímọ̀ ò tíì wo òkúta náà pẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní 'ó ṣeé ṣe'. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ti yà láti 1990 láìfura, wọ́n sì tún ọ̀nà rẹ̀ ṣírò. Ibi tí yóò gbà kọjá jìn ju òṣùpá lọ. Kò níí fọwọ́ kan ayé."

"Lọ́jọ́ kejì gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ò ṣe kan ilẹ̀kùn mi?"

"Mo ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu ni."

Wọ́n gun ọ̀kadà lọ sóko. Láti ojú títì ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí Kọ́lápọ̀ rí wọn tí wọ́n ń juwọ́, ó pa á. Igi tó wà ní apá odò nìkan ló ṣì dúró. Apá tí Dorcas fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ti wà nílẹ̀, èso ṣì wà lára igi. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé èso kan, ó ń wò ó.

"Òkúta ò débí," ló wí. "Èmi ni mo débí."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn tó bani lẹ́rù, ìbáà jẹ́ ti ojú ọ̀run tàbí ti àìsàn, ẹ gbọ́ ọ dé ìparí, kí ẹ sì tún gbọ́ ti ọjọ́ kejì. "Ó ṣeé ṣe" kì í ṣe "yóò ṣẹ". Ẹ bi ẹni tó mọ̀, kí ẹ tó ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Bí àgbà kan bá sì ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má dúró kó wá bá yín. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín Bàbá Oyèlárán àti òtítọ́. Ẹ kan ilẹ̀kùn àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lónìí, kí ẹ bi í pé kí ló gbọ́.