Kọfí Tí Kò Lè Lé Oorun

Ìyàwó jáde láti inú ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ọkọ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ nìkan ló kù léjìká rẹ̀. Bébà ti yẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sì ti gé ọkọ ìyàwó dànù nínú gbogbo káàdì ìgbéyàwó tí ilé ìtẹ̀wé náà tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Baba Ẹ̀rọ, tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ, ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òkìtì bébà, ó ń hanrun, itọ́ ẹnu rẹ̀ sì ń ṣàn sórí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ká ní òun nìkan ni, à bá ní ara ló ti dara àgbà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ń tòògbé, ẹni tó ń di ìwé pọ̀ ń tòògbé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pàápàá, àlejò ló ń jí i. Ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń mu kọfí láràárọ̀: tábìlì Ìyá Kọfí, lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Máníjà kó káàdì dání, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fi sínú kọfí yìí?"

"Omi, ṣúgà àti kọfí, sà."

"Oògùn oorun ńkọ́?"

"Háà! Bí ọjà ṣe gbówó lórí tó yìí, ta ló ń fi oògùn ta èèyàn lọ́rẹ?"

Máníjà kò rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ kò bá rí àlàyé ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ palẹ̀ tábìlì yín mọ́."

Àyà Ìyá Kọfí já. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tábìlì yẹn ló ń bọ́ òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, òun náà ló sì fún un lórúkọ tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀ pé ó ń fún èèyàn ní oògùn oorun, ta ni yóò tún gba nǹkan mímu lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ọjà ló sì kó bá a. Kọfí ló kọ́kọ́ gbówó lórí, ṣúgà tẹ̀lé e, mílíìkì sì di ohun tí èèyàn ń fojú rí lásán nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kọfí kọ́kọ́ ra ife kékeré, àwọn oníbàárà bi í bóyá ọmọ ọwọ́ ló fẹ́ kí àwọn fi rọ lágbo. Ó yọ mílíìkì kúrò, wọ́n kùn. Ibi tó ti ń ronú ohun tó tún lè yọ ni ọkùnrin kan dé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀dínwó. Ọ̀rá tó lẹ̀ pinpin, tí wọ́n ya òkè ńlá sí lára, ló ń gbé kiri, ìdajì iye tí wọ́n ń ta kọfí ní ṣọ́ọ̀bù ló sì ń gbà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ní òun ó fún wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ìyá Kọfí wo ti ọrùn ọkùnrin yìí, táì aláràbarà ló rí níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ó rà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Máníjà kìlọ̀ fún un, ó tú aṣọ tó fi ń sẹ́ kọfí, ó fẹ́ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ti wú, ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ti ń rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ owó tó ń ṣẹ́ kù kò jẹ́ kó fẹ́ wò ó dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí ó tẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan róbótó kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Yánmọtí ni.

"Ìgbà wo ni yánmọtí bẹ̀rẹ̀ sí í so lórí igi kọfí?" ló bi ara rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi yánmọtí sórí búrẹ́dì ládùúgbò náà, obìnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá Kọfí kò bọ́ épírọ́ọ̀nù kó tó débẹ̀.

"Ta ló ń ra búrẹ́dì tó ti gan lọ́wọ́ yín?"

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ ni. Ó máa ń wọ táì. Àpò-àpò ló ń kó o. Mo sọ fún un pé adìẹ rẹ̀ á ti tó màlúù."

"Ẹ ti rí ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ rí?"

"Ẹyin kẹ̀? Ọwọ́ mi náà ló ti ń ra..." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu oníbúrẹ́dì. "Ọwọ́ mi ló ti ń ra ẹyin."

Láti ibẹ̀, Ìyá Kọfí gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Sájẹ́ńtì níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi mú olè."

"Ìyàwó wa, ẹ̀sùn wo ni kí n fi kàn án? Pé ó ń sin adìẹ?"

"Pé kò sìn ín."

Sájẹ́ńtì ronú sí i. Òun náà ń mu kọfí ìyàwó wọn, ó sì rántí pé òun sùn lórí ìjókòó lánàá nígbà tí ọ̀gá pátápátá ń bá òun wí. Ó dé fìlà.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀dínwó wá kó búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti lúgọ sẹ́yìn àpò fúláwà oníbúrẹ́dì. Ọwọ́ ì bá tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ fúláwà wọ Sájẹ́ńtì nímú, ó sín. Ẹ̀dínwó ju àpò nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Sájẹ́ńtì gbá tẹ̀ lé e, ó funfun láti fìlà dé bàtà, àwọn ọmọdé ń sá fún un lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi máa dé oríta, táì aláràbarà ti pòórá.

"Ó lọ," ni Sájẹ́ńtì wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá Kọfí gbé imú sókè. "Ẹ gbóòórùn nǹkan tó ń jó."

Òórùn búrẹ́dì tó jóná mú wọn wọ òpópónà kan tó há. Obìnrin kan ń sá aṣọ níbẹ̀.

"Ilé ta nìyẹn?"

"Ọkùnrin kan tó ń dá gbé ni. Àánú rẹ̀ ń ṣe wá o. Kò sí oúnjẹ tó sè tí kì í jóná."

Wọ́n taari ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé. Búrẹ́dì dúdú kún inú páànù, ẹ̀rọ ìlọta wà lórí tábìlì, ọ̀rá olókè ńlá sì tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù tó fi ń lẹ ẹnu wọn pọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti fa Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀dínwó yọ, táì ni wọ́n fi fà á.

Ní àgọ́, Sájẹ́ńtì lọ fọ fúláwà kúrò lójú, ó fi kọ́sítébù kan ṣọ́ ọ. Kọ́sítébù yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òru. Kí oorun má bàa gbé e lọ, ó já ọ̀kan nínú ọ̀rá tí wọ́n kó wá fún ẹ̀rí, ó pò ó, ó mu ún tán. Láìpẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ ti balẹ̀ sí àyà. Ẹ̀dínwó bọ́ bàtà, ó ń yọ́ lọ. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, Ìyá Kọfí ló bá lórí bẹ́ǹṣì.

"Níbo?"

"Mo... mo fẹ́ tọ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló ń bọ́ bàtà kó tó tọ̀? Padà lọ jókòó!"

Igbe rẹ̀ jí kọ́sítébù, ó sì mú Sájẹ́ńtì sáré dé. Ẹ̀dínwó rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ bá òun.

"Oògùn wo lo fi sí i?" ni Sájẹ́ńtì bi í.

"Kò sí oògùn, sà. Ohun tó ń lé oorun ni kò sí níbẹ̀. Kọfí gidi ni mò ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wọ́n, kò sẹ́ni tó rà á mọ́. Mo fi búrẹ́dì díẹ̀ lú u, wọ́n rà á. Mo fi kún un, wọ́n tún rà á. Nígbà tó yá, mo gbàgbé láti fi kọfí sí i."

"Àwọn oníbàárà rẹ kò sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ní ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ìyá Kọfí wolẹ̀, nítorí òun wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Sájẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàlàyé fún Máníjà. Lọ́jọ́ kejì, Máníjà wá sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní kí Ìyá má bínú, tábìlì kò kúrò níbì kankan. Ara tu Ìyá Kọfí débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún, ó sì sọ òótọ́ fún gbogbo wọn: kọfí gidi ló wà níbẹ̀ lónìí, iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì. Akọ̀wé wo àpò rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù ba Ìyá Kọfí pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀.

Baba Ẹ̀rọ, tí Máníjà kò tíì kí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdánù ọkọ ìyàwó, ló kọ́kọ́ sún mọ́ tábìlì. Ó mú ìdajì owó sílẹ̀, ó sì wo ọ̀gá rẹ̀. Máníjà wúkọ́, ó fi ìdajì kejì lé e. Ìyá Kọfí bu ife kan fún wọn, ọ̀gá ló sì kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu.

"Kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì o, Máníjà," ni Baba Ẹ̀rọ wí. "Ojú mi là báyìí, mo ń wò yín."