Ẹ̀rọ Bàbá Mátíù àti Ọmọ Rẹ̀

"Ọmọ rẹ̀ dà?"

Nùrẹ́nì, ọkùnrin tó wá ra ẹ̀rọ náà, ló béèrè. Ó ti yí ẹ̀rọ náà po, ó ti fi èékánná họ ibi tó dógùn-ún, ó ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó wá nàró, ó ń wo ojú àwọn mẹ́ta tó dúró tì í. Ìyá Àníkẹ́ sorí kọ́. Dámiláre tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Ẹniọlá ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni olóògbé Bàbá Mátíù, ọkọ Ìyá Àníkẹ́, bí. Fọlábí lorúkọ rẹ̀; Mátíù ni orúkọ bàbá náà fúnra rẹ̀. Ó gba ọ̀nà Líbíà lọ, láti ìgbà náà ni wọn ò ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Dámiláre àti Ẹniọlá. Nínú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ Fọlábí níwájú Ìyá Àníkẹ́.

Nùrẹ́nì rí i pé ojú gbogbo wọn ti yí padà. "Ẹ má bínú, màmá. Bó bá pé, màá san mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Màá gbé ọkọ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé." Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ eléruku náà, ó sì lọ.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀?" Dámiláre fapá jánú. "Ó ń pe Bàbá Àgbà ní 'rẹ̀', bíi pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n!"

"Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá," ni Ẹniọlá wí. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, tí yóò wá máa rí ọkọ fín?

Bí Ẹniọlá bá dijú, ó ṣì ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní léèdì. Àwọn òyìnbó ti ṣe é kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Bàbá Mátíù á fi ọ̀pá irin há a lẹ́nu, á tẹ iná sí i, irin á máa yí, ọ̀bẹ á máa bó o bí ẹni ń bó ọsàn. Èèpo irin á máa já bọ́, á lọ́ pọ̀ bí irun ọmọ tuntun. "Má fọwọ́ kàn án o, ó gbóná!" ni Bàbá máa ń wí. Tó bá tutù tán, á ká a yípo ọwọ́ Ẹniọlá, á ní ìyàwó òun ti dé. Òórùn epo kì í kúrò lára rẹ̀. Kódà ní ọjọ́ Àìkú, tó bá wọ sùtánà funfun lọ sí ilé ìjọsìn Kérúbù wọn, epo náà ló ń rùn. Á ní, "Olúwa mọ òórùn mi."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ó pe Ìyá Àníkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí Ìyá gbọ́ ni pé, "Má ta ẹ̀rọ yẹn láìsí ọmọ rẹ o." Ọmọ rẹ: Fọlábí nìyẹn. Wọ́n bá ń dúró de Fọlábí. Òjò ń jò sórí ẹ̀rọ, bẹ́líìtì rẹ̀ já, eku tẹ́ ìtẹ́ sínú mọ́tò rẹ̀. Ìgbà tí ojú Ìyá wá ń ṣú, tí dókítà ní iṣẹ́ abẹ ojú náà kò gbọdọ̀ pẹ́, ni Ìyá tó gbà kí wọ́n tà á. Àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní ńṣe lòun ń rú òfin òkú.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ẹniọlá mú Ìyá lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí Ìyá ti jókòó sórí ìlà, Ẹniọlá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti lọ kí Dámiláre, tó ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń jẹ indomie àti ẹyin níwájú ilé tó ń gbé.

"Wá wo nǹkan," ni Dámiláre wí, ó sì na fóònù sí i. Nùrẹ́nì ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́: *Ọmọ tí mo bi yín léèrè yẹn, gíà ńlá eléyín tó máa ń wà lápá òsì ni. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lè gbẹ́ ìlà yíyí sára bóòtù onímìlímítà. Ṣé ó wà?* Dámiláre sì ti fèsì: *Ó wà, sà. Inú ilé la tọ́jú ẹ̀ sí.*

"Bọ̀dá Dámi, ibo lẹ ti rí i?"

"Mo rí i kẹ̀? Ibẹ̀ ṣófo, ìwọ náà rí i."

"Kí lẹ wá parọ́ fún?"

"Tó bá ti gbé irin tó wúwo tó màlúù yẹn dé Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ó máa gbé e padà ni? Ìwọ ṣá ti panu mọ́. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ máa tún ojú Ìyá méjèèjì ṣe. Àbí o fẹ́ kí wọ́n fọ́jú?"

Ẹniọlá dá fóònù padà fún un, ó wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó padà dé ọsibítù, Ìyá na ọwọ́ síwájú, ó fọwọ́ pa á lójú, ó fọwọ́ pa á nímú. "Ẹniọlá ni àbí?" Omijé dé sójú ọmọbìnrin náà. Irọ́ kékeré kan péré ni. Kódà kì í ṣe òun ló pa á. Òun kàn máa dákẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ó rántí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó jáde síta, ó pe nọ́ńbà tí Nùrẹ́nì fi sílẹ̀ fún wọn.

"Ẹ káàsán, sà. Ọmọ ọmọ Bàbá Mátíù ni. Gíà yẹn ò sí. A ò mọ ibi tó wà."

"O ṣé, àbúrò," ni Nùrẹ́nì wí. "Ẹ̀rọ gàrí ni mo fẹ́ máa fi tún ṣe. Láìsí ọmọ yẹn, ààbọ̀ iṣẹ́ ni mo lè rí ṣe. Mi ò lè san ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lọ."

"Sà, kí ló dé tí ẹ fi ń pè é ní ọmọ?"

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọlọ ò lọ́mọ ni? Àgádágodo ńkọ́? Ọ̀yọ́ yín níbẹ̀ ni ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn."

Nígbà tí Dámiláre gbọ́, gbólóhùn kan ló sọ. "O ti ta ojú Ìyá kan." Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́, Ẹniọlá ń rò ó. Lójijì ló di Ìyá lọ́wọ́ mú. "Ìyá, ọjọ́ tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ yẹn, 'ọmọ rẹ' ni wọ́n wí, àbí 'ọmọ rẹ̀'?"

"Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ nígbà náà. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn mọ́."

Ẹniọlá ṣàlàyé gíà náà fún un. Ìyá lanu sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Háà, Bàbá Fọlábí! Gíà lẹ ń bá mi sọ! Èmi ń wojú ọ̀nà Líbíà!"

Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tú àjà. Wọn ò rí i. Ẹniọlá wá sọ irọ́ tí Dámiláre pa fún Ìyá.

Ní Sátidé, Nùrẹ́nì san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Wọ́n fi ṣéènì fa ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀. Àyè rẹ̀ dúdú lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, epo ọdún gbọọrọ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹniọlá dúró ń gbóòórùn rẹ̀. Dámiláre dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fajú ro.

"Dámiláre," ni Ìyá pè é, "owó òtítọ́ yìí tó fún ojú kan, màá sì fi ojú kan náà wò yín láìtijú. Ká ní o fi irọ́ gba méjèèjì fún mi, kí ni ǹ bá fi wo ọkùnrin yìí?"

Dámiláre dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ má bínú, sà."

"Ó ti tán," ni Nùrẹ́nì wí. "Ẹni tó bá sọ àléébù ọjà rẹ̀ fún mi, kò sí ohun tí mo lè fi pa mọ́ fún un." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mu omi."

Ìyá ní kó lọ bu omi nínú àmù tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Kò bu omi; ìdí àmù náà ló ń wò. Ó ti sanwó tán, ẹ̀rọ ti wà nínú ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Ó rọra gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀.

"Màmá," ló pè, "kí lẹ gbé àmù yìí lé?"

"Irin kan ni," ni Ìyá dáhùn. "Bàbá Fọlábí ló gbé e síbẹ̀ nígbà tí àwọn olè ń jí irin kó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò."

Ẹniọlá sáré wọlé. Yí ìdí àmù náà po, níbi tó ń gbá láràárọ̀, eyín irin tò rìbìtì, omi ń kán sí i lára.