Ọ̀rọ̀ tí Reuben Sọ Lórí Kùkùté

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè. Stretford, ní Manchester, ló ń gbé, ẹ sì lè bá a nílé bí ẹ bá lọ. Ẹ sáà má bi í léèrè ìyàwó rẹ̀. N kò bù kún ohun tí mo gbọ́, n kò sì bu kúrò nínú rẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyí.

Mobọ́lájí ni orúkọ rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ ni ní Òkèhò kó tó wá sí Manchester. Ẹnu ló fi wọlé ìbò, ẹnu náà ló sì ń bọ́ ọ. Bí àwọn kan bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, òun ni wọ́n ń pè, bó bá sì ti sọ̀rọ̀, ìjà parí. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ó gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Òfin ti yí padà nígbà náà: ẹni tó bá bá iṣẹ́ yẹn wá kò lè mú ìyàwó àti ọmọ dání. Ó mọ̀. Wùmí ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀. Síbẹ̀ ó gbá Ẹ̀ríolúwa ọmọ wọn mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun yóò ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ó ń gbé ní Openshaw, ó sì ń wakọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Dobcross, abúlé olókùúta kan lórí òkè, lọ́dọ̀ baba kan tó ń jẹ́ Philip. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Philip kó tó fẹ̀yìn tì. Kò dé Amẹ́ríkà rí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀; bó bá fẹ́ tíì, orí ló fi ń júwe. Àwọn ahunṣọ ayé àtijọ́ ló kọ́ ilé náà. Fèrèsé tò lọ rẹrẹ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí òfì wọn.

Ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa ṣú kí àwọn ọmọ tó dé láti ilé ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Mobọ́lájí ń fi ṣíbí fún baba ní ọbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti àárọ̀. Lójijì, ó dá. Aago ara ògiri náà dákẹ́. Baba gbé ọbẹ̀ mì.

"Igi ló pọ̀ jù," ó ní.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Mobọ́lájí. Ohùn náà kì í ṣe ohùn arúgbó. Ohùn ọkùnrin tó ṣì lágbára ni, ó jinlẹ̀, ó sì le.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Reuben. Inú ilé yìí ni mo ti lọ."

Òórùn èéfín igi gba yàrá náà kan. Iná gáàsì ni wọ́n ń lò nínú ilé náà.

Ohùn náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ láìyára. Ó ní òun fi ìyàwó òun, Martha, àti ọmọ kan sílẹ̀ nídìí òfì, òun wọ ọkọ̀ ojú omi, òun sì rìn kọjá òkè títí òun fi dé igbó Ohio ní Amẹ́ríkà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gé igi níbẹ̀ nínú àwọn òyìnbó. Ó to ìtì igi lórí ara wọn, ó fi ẹrẹ̀ dí àárín wọn, ó pè é ní ilé.

"Mo rí èéfín lẹ́bàá odò," ó ní. "Àwọn tó ni ilẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Wọ́n fún mi ní àgbàdo ní òtútù àkọ́kọ́. Nígbà tí àwa àjèjì wá pọ̀, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo gun orí kùkùté kan. Mo ní, kò sí ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ yìí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Láti ọjọ́ náà, èéfín nìkan là ń rí."

Mobọ́lájí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó he ṣíbí náà.

"Wọ́n fi mí ṣe onídàájọ́," ohùn náà ní. "Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń la ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ dìbò fún mi sí ìgbìmọ̀ ìlú. Alátakò mi dìde. Ó ní, ìyàwó rẹ dà?"

Aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà. Ọbẹ̀ ṣàn jáde ní igun ẹnu baba. Mobọ́lájí pè é títí, kò dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọgbọ́n bi obìnrin tó ń gbé ilé kejì. Obìnrin náà ní lóòótọ́ ni, ahunṣọ kan ti inú ilé yẹn lọ sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ó sì di èèyàn ńlá níbẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó mú Mobọ́lájí wá. Bí kò bá rí ẹlòmíràn gbà á, ilé ló ń lọ. Pẹ̀lú kí ni? Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ló tà kó tó lè wá.

Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Ìfẹ́dayọ̀, nọ́ọ̀sì ni. Stretford ni wọ́n bí i sí, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nínú ìwé, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ lè rí ìwé ìgbélùú gbà. Ó fẹ́ràn Mobọ́lájí, kò sì fi pamọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ìtajà ńlá Stretford. Òjò ń rọ̀.

"Jọ̀ọ́, be honest with me," Ìfẹ́dayọ̀ ní. "Ṣé o ní ìyàwó nílé?"

Mobọ́lájí wo omi tó ń ṣàn lára gíláàsì.

"Ó ti kú," ó ní.

"Oh. Pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣe é?"

"Ibà ni."

Ọ̀rọ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìbò. Ìfẹ́dayọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òjò dá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dé Dobcross. Kò tíì bọ́ kóòtù tí ohùn náà fi kí i.

"O ti sọ ọ́."

Mobọ́lájí ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ibà ni èmi náà pè é," Reuben ní. "Àwọn èèyàn ṣí fìlà. Wọ́n dìbò fún mi, ọkùnrin kan tó ń lọ ọkà fún ìlú sì fún mi ní ọmọ rẹ̀ fẹ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ará Dobcross kan gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ó ní kí ìròyìn ikú náà tó kan òun, òun rí àwọn èèyàn tí wọ́n dédé ń gba ẹ̀gbẹ́ Martha kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ń kí wọn, wọn kò gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún pè é, bẹ́ẹ̀ Martha jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, òfì nìkan ló kù tó ń dún lókè."

"Kí lo ṣe?"

"Mo padà sórí kùkùté. Mo ní irọ́ ni, ó wà láàyè. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló mú mi. Mo ń sọ ọ́ títí mo fi kú."

Baba Philip wo Mobọ́lájí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohùn náà kò gba ẹnu rẹ̀ jáde mọ́. Kò pẹ́ tí baba fi kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, Mobọ́lájí jókòó sínú ọkọ̀, ó pe Wùmí.

"Dádì Ẹ̀rí," Wùmí ní, "nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbí. Mo kí ìyá ilé iwájú láàárọ̀, kò dáhùn. Mo rò pé ó ń bínú. Ẹlẹ́ran kò wojú mi. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ẹ̀rí ńkọ́?"

"Ó ń wá mi káàkiri láti ìgbà tó ti ilé ìwé dé. Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí."

Mobọ́lájí sáré wakọ̀ lọ bá Ìfẹ́dayọ̀. Ó ní irọ́ ni òun pa, Wùmí kò kú. Ìfẹ́dayọ̀ rọra fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. "My mum náà ṣì ń gbé àwo sílẹ̀ fún dádì mi tó ti kú," ó ní. "Kò burú." Mobọ́lájí sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ gbàdúrà ìtùnú fún un. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òkèhò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo Wùmí. Ó wà nílé."

"Àbúrò, fara balẹ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "A gbọ́ pé ibà ni."

Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n náà.

Wùmí ṣì ń gbé fóònù fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohùn rẹ̀ ń jìnnà. Nígbà ìkẹyìn, ó ní obìnrin òyìnbó kan máa ń wá jókòó ti òun ní ìrọ̀lẹ́, tó wọ aṣọ ìgbà láéláé. "A kì í gbọ́ èdè ara wa," ó ní. "Ṣùgbọ́n òun ń rí mi." Lẹ́yìn ìyẹn, bí Mobọ́lájí bá pè, ìdákẹ́ ló ń gbọ́, àti ẹni tó ń mí.

Ilé Ìfẹ́dayọ̀ ló ń gbé báyìí. Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Kò síbòmíràn tó lè lọ, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ̀ríolúwa ti lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, Mobọ́lájí bi í bóyá ó ti jẹun.

"Mo ti jẹun, sà," ọmọ náà ní. "Oúnjẹ máa ń wà lórí tábìlì bí a bá jí. Ó máa ń gbóná. Màmá àgbà ní àwọn kọ́ ló sè é."

Mobọ́lájí tẹ fóònù mọ́ etí.

"Dádì, ta lẹ ní kó máa wá sè é?"